Bí A Ṣe Ń Yàwòrán Ipasẹ̀ Ẹ̀rún Nínú Ìṣàn Tí Kò Dúró Sójú Kan

Bí omi bá ń ṣàn kọjá lára òpó róbótó kan, tí a wá ju ẹ̀rún kékeré kan sínú rẹ̀, kò sí àwòrán àkókò kan ṣoṣo tó lè sọ ọ̀nà tí ẹ̀rún náà yóò gbà fún wa. Lẹ́yìn òpó náà, ìyípo omi kan á já kúrò ní apá òsì, òmíràn á já kúrò ní apá ọ̀tún, wọn á sì máa tẹ̀ lé ara wọn lọ. Kí ẹ̀rún náà tó dé ibi tí a ti rí ìyípo kan, ìyípo náà ti ṣí kúrò níbẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ìṣàn tí kò dúró sójú kan nìyí: ní ojú ibi kan náà, ìyára omi àti ìhà tó kọ sí a máa yí padà bí àkókò ti ń lọ. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti ní àkójọ ìyára lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ láti inú ìṣirò kọ̀ǹpútà tàbí láti inú ìdánwò, tó sì fẹ́ ya ipasẹ̀ àwọn ẹ̀rún inú rẹ̀ lọ́nà tí kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ìlà mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀

Ìlà ìṣàn, èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní streamline, ni ìlà tó bá ìhà tí omi kọ sí mu ní gbogbo ojú ibi tó gbà kọjá, ní àkókò kan pàtó. Ipasẹ̀, ìyẹn pathline, ni ọ̀nà tí ẹ̀rún kan ṣoṣo rìn láti ìgbà tí a ti tú u sílẹ̀. Ìlà aró, ìyẹn streakline, ni ìlà tí gbogbo ẹ̀rún tó ti gba ojú ibi kan kọjá tò sí nígbà tí a wò wọ́n. Bí ìṣàn bá dúró sójú kan, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa bọ́ sórí ara wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ àṣà lílo ọ̀kan dípò èkejì.

Àwọn tó ń ṣe ìdánwò mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Aró tí Osborne Reynolds tú sínú ọ̀pá dígí ní Manchester ní ọdún 1883 ń fa ìlà aró, nítorí pé ẹnu kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Bí a bá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́ títí kí ẹ̀rún kan tí ń dán lè rìn kọjá níwájú rẹ̀, ipasẹ̀ ni yóò hàn. Bí a bá sì da ẹ̀rún púpọ̀ sínú omi, tí a ṣí ojú kámẹ́rà fún ìgbà kúkúrú, ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan á fi àmì ṣókí sílẹ̀, ojú wa á sì so àwọn àmì náà pọ̀ di ìlà ìṣàn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣàn kan tí ìwé àti kálàmù tó láti ṣírò rẹ̀. Ní gbogbo ojú ibi, ìyára sí apá ọ̀tún jẹ́ u = 1, ìyára sí òkè sì jẹ́ v = cos t, tí t dúró fún àkókò. Bí a bá tú ẹ̀rún kan sílẹ̀ ní (0, 0) nígbà tí t = 0, yóò wà ní x = t àti y = sin t lẹ́yìn náà, nítorí náà ipasẹ̀ rẹ̀ ni y = sin x: ó gun òkè dé 1, ó sì sọ̀ kalẹ̀ padà sí 0 nígbà tí t di π. Ẹ wá wo aró tí a ń tú sílẹ̀ ní (0, 0) kan náà láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀rún tó jáde ní àkókò s yóò wà ní x = t − s àti y = sin t − sin s. Bí a bá fi π sí ipò t, ìlà tí gbogbo wọn tò sí ni y = −sin x, èyí tó tẹ̀ sísàlẹ̀ dé −1. Ìlà ìṣàn tó gba (0, 0) kọjá ní àkókò yẹn ńkọ́? Nítorí pé cos π jẹ́ −1, ó jẹ́ ìlà gbọọrọ tó dà sísàlẹ̀, y = −x. Láti ojú ibi kan náà, nínú ìṣàn kan náà, ìlà kan gun òkè, èkejì tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀kẹta kò tẹ̀ rárá; síbẹ̀ orí ipasẹ̀ àti orí ìlà aró pàdé ní (π, 0), nítorí pé ẹ̀rún tó jáde ní t = 0 ló wà ní orí àwọn méjèèjì. Ẹ tọ́jú àpẹẹrẹ yìí, nítorí òun ni a óò fi dán kóòdù wa wò láìpẹ́.

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ, tí èmi náà sì ti ṣe rí, ni kí a mú àwòrán àkókò kan, kí a ya ìlà ìṣàn sórí rẹ̀, kí a rí ìlà tó yí po tó sì padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí a wá sọ pé ẹ̀rún há síbẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ lé àwọn ẹ̀rún náà gan-an láti àkókò dé àkókò, kò sí ìkankan nínú wọn tó yí po lẹ́ẹ̀kan péré kó tó jáde lọ.

Àkókò tó wà láàárín àwòrán ìyára méjì

Kí a tó kọ kóòdù kankan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé àwòrán ìyára mélòó, ìyẹn ìyára gbogbo ojú ibi ní àkókò kan ṣoṣo, ni ẹ tọ́jú. Ẹ mú òpó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 nínú omi tó ń sáré sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Vincenc Strouhal ṣe ìwádìí lórí wáyà tí ń dún nínú afẹ́fẹ́ ní ọdún 1878, iye tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè lónìí súnmọ́ 0.2 fún òpó róbótó bí èyí. Bí a bá sọ 0.2 di ìlọ́po ìyára, tí a sì fi fífẹ̀ òpó pín in, a rí i pé ìgbà 2 ni ìyípo yóò já láti ẹ̀gbẹ́ kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé àyípo kan ń gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ní tèmi, àwòrán 20 fún àyípo kọ̀ọ̀kan ni ó kéré jù, 40 sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún òpó tiwa yìí, a ní láti máa tọ́jú ìyára ní ìṣẹ́jú àáyá 0.025 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ń ṣahun ibi ìpamọ́, tí ó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá 0.25 kọ̀ọ̀kan nìkan ni a ń tọ́jú ìyára. Láàárín àwòrán méjì, ìyípo kan yóò ti ṣí tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ mọ ìyára tó wà láàárín àwòrán méjèèjì, yóò pò wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n: ìdajì ti àkọ́kọ́, ìdajì ti èkejì. Ìpòpọ̀ yẹn kò ṣí ìyípo náà nípò rárá; ńṣe ni ìyípo ti ibi àkọ́kọ́ ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òmíràn sì ń hù jáde ní ibi kejì. Ẹ̀rún tí a bá jù sínú ìṣàn bẹ́ẹ̀ ń rìn nínú omi tí kò sí níbì kankan, bí ó ti wù kí àwòrán rẹ̀ lẹ́wà tó. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè tọ́jú ìyára tó pọ̀ tó, ó sàn kí ẹ ṣírò ipasẹ̀ náà nígbà tí ìṣirò ìṣàn fúnra rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ sì tọ́jú ipò àwọn ẹ̀rún nìkan.

Ní ti ojú ibi, iṣẹ́ rọrùn díẹ̀. A sábà máa ń ní ìyára ní àwọn ìkóríta àwọ̀n ìṣirò, ìyẹn àwọn ìlà tí a fi pín ojú ibi sí ojú kéékèèké, ẹ̀rún sì máa ń wà láàárín wọn. Ìpòpọ̀ ti ìkóríta mẹ́rin tó yí i ká, tàbí mẹ́jọ bí ìṣàn bá ní gígùn, ìbú àti gíga, tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àfi nítòsí ògiri níbi tí ìyára ti ń já bọ́ sí 0 kíákíá.

Rírìn pẹ̀lú ẹ̀rún

Ohun tí a ń yanjú ni ìdọ́gba méjì: dx/dt = u(x, y, t) àti dy/dt = v(x, y, t). Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ti Euler, níbi tí a ti ń mú ìyára ibi tí ẹ̀rún wà, tí a sọ ọ́ di ìlọ́po ìṣísẹ̀ àkókò kékeré h, tí a sì fi kún ipò rẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ má lò ó. Nínú omi tí ń yí po bí àgbá, tí ẹ̀rún yẹ kó máa rìn lórí òbìrí kan náà títí láé, tí eré ìyípo bá jẹ́ rédíánì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí h sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.1, ọ̀nà Euler yóò ti fi bíi ìdá 37 nínú 100 fẹ òbìrí náà lẹ́yìn àyípo kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wo àwòrán náà yóò rò pé omi ló ń tú ẹ̀rún jáde láti àárín ìyípo. Ọ̀nà onípele mẹ́rin tí Carl Runge bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1895, tí Wilhelm Kutta sì parí ní ọdún 1901, ni kí ẹ lò. Bí X bá jẹ́ ipò ẹ̀rún, tí U sì jẹ́ ìyára:

k1 = h·U(X, t)
k2 = h·U(X + k1/2, t + h/2)
k3 = h·U(X + k2/2, t + h/2)
k4 = h·U(X + k3, t + h)
X tuntun = X + (k1 + 2·k2 + 2·k3 + k4)/6

Ẹ fi ojú sí àkókò tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́ kóòdù rẹ̀ lórí ìṣàn tó dúró sójú kan sábà máa ń kọ t sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé àkókò kò já mọ́ nǹkan níbẹ̀. Bí ó bá gbé kóòdù yẹn wá síbí, yóò máa ṣiṣẹ́ láìsí ìkìlọ̀ kankan, yóò sì máa purọ́. Àpẹẹrẹ wa ti u = 1 àti v = cos t ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Bí h bá jẹ́ 0.1, kóòdù tó tọ́ yóò gbé ẹ̀rún dé gíga 1, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní ṣeé fojú rí. Kóòdù tó gbàgbé h/2 yóò gbé e dé bíi 1.05. Ohun tó gba àkíyèsí ni pé, bí ẹ bá dúró de ìparí àyípo, nígbà tí t bá di 2π, àṣìṣe náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ rẹ́, àwọn kóòdù méjèèjì á sì bá ara wọn dọ́gba. Nítorí náà, ẹ má ṣe ìdánwò ní òpin àyípo. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó.

Bí ó bá jẹ́ Python ni ẹ ń lò, solve_ivp inú SciPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python, yóò ṣe ìṣirò yìí fún yín, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àṣìṣe tó ń gbà láàyè bí a kò bá sọ nǹkan kan, ìyẹn rtol tó jẹ́ 0.001, ti fẹ̀ jù fún ipasẹ̀ gígùn. Ẹ dín in kù sí 0.000001. Bí ẹ bá ń yan h fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ó kéré débi pé ẹ̀rún kò ní rìn ju ìdajì ojú àwọ̀n kan lọ ní ìṣísẹ̀ kan, kí ẹ sì tò ó kí òpin ìṣísẹ̀ máa bọ́ sí àkókò tí a tọ́jú àwòrán ìyára gan-an, nítorí pé ìpòpọ̀ onígbọọrọ máa ń ní igun níbẹ̀, ọ̀nà onípele mẹ́rin kò sì fẹ́ràn igun. Lẹ́yìn náà, ẹ pín h sí méjì, kí ẹ tún un ṣe. Bí ipasẹ̀ kò bá yí padà lójú, ìṣísẹ̀ yín tó.

Ó ní ibi tí yóò ti máa yí padà láìka bí h ti kéré tó sí. Hassan Aref fi hàn ní ọdún 1984 pé ìṣàn onígùn-àti-ìbú, tó rọrùn láti kọ sílẹ̀, lè da àwọn ẹ̀rún rú pátápátá bí ó bá ti ń yí padà pẹ̀lú àkókò. Ẹ̀rún méjì tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdúró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn á pínyà, ọ̀kan á gba ọ̀tún, èkejì á gba òsì. Nínú irú ìṣàn bẹ́ẹ̀, ipasẹ̀ ẹ̀rún kan kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró. Ẹ tú ẹ̀rún ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ nínú òbìrí kékeré kan, kí ẹ sì ya bí òbìrí náà ti ń fà tó sì ń ká: ibi tó ti fà jù ni ojúlówó ààlà tó wà nínú omi náà.

Títú ẹ̀rún sílẹ̀, àti ibi tí ẹ̀rún ti ń jáde

Láti ya ìlà aró, ẹ máa tú ẹ̀rún tuntun sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ojú ibi kan náà, kí ẹ máa sún gbogbo èyí tó ti jáde síwájú, kí ẹ sì fi ìlà so wọ́n pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ìgbà tí wọ́n jáde. Níbi tí ìyípo bá ti fa ìlà náà gùn, ẹ̀rún méjì tó tẹ̀ lé ara wọn á jìnnà síra, ìlà tó so wọ́n pọ̀ á sì gé igun ìyípo náà kọjá bí ìgbà tí a fi okùn ta á. Kí ẹ má fi ẹ̀rún tuntun há àárín wọn ní ibi tí wọ́n wà báyìí, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe orí ìlà. Ẹ padà sí ẹnu ibi tí wọ́n ti jáde, kí ẹ tú ẹ̀rún kan sílẹ̀ ní àkókò tó wà láàárín ti àwọn méjèèjì, kí ẹ sì sún un wá dé ìsinsìnyí.

Ẹ̀rún tó bá jáde kúrò nínú àwọ̀n ìṣirò gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró, kí a sì kọ àkókò tó jáde sílẹ̀. Àwọn kóòdù kan máa ń dá a padà sí etí àwọ̀n, ó sì máa ń di òkìtì ẹ̀rún tí ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí kò sí. Ohun kan náà ni fún èyí tó bá wọ inú òpó: omi kì í wọ inú òpó, ìṣísẹ̀ tó gùn jù ló gbé e wọbẹ̀.

Yíyàwòrán náà fúnra rẹ̀

Ìlà gígùn púpọ̀ lórí ara wọn kì í sọ nǹkan kan fún ojú. Wọ́n á dà bí òwú tó ta kókó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí a ya ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan bí àmì kékeré, kí a fi ìrù ṣókí sẹ́yìn rẹ̀ tó fi ibi tó ti wá nínú bí ìdá kan nínú márùn-ún àyípo hàn, kí ìrù náà sì máa rẹ̀ dànù bí ó ti ń jìnnà sí orí. Ojú á rí ìhà, eré àti ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwòrán kò bá ní ṣí nípò, ẹ fi àwọ̀ sọ ìgbà tí a tú ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí pé nínú ìṣàn tí ń yí padà, ìgbà tí ẹ̀rún bẹ̀rẹ̀ ìrìn ṣe pàtàkì tó ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n àwọ̀ dúró bákan náà láti àwòrán àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí kọ̀ǹpútà bá ń tún un yàn fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ á máa yí padà láìjẹ́ pé omi yí padà. Kí ìwọ̀n ìbú àti ti gíga dọ́gba pẹ̀lú, kí òbìrí má baà di ẹyin.

Nínú ParaView, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán ìṣàn, Stream Tracer ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, ìlà ìṣàn ti àkókò kan ṣoṣo ló sì ń yà. Èyí tí ẹ ń wá ni ParticleTracer, ParticlePath tàbí StreakLine, tí wọ́n ń ka fáìlì àkókò kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ kọ ibi tí olùwò dúró sí sábẹ́ àwòrán. Bí a bá dúró ti òpó náà, àwọn ẹ̀rún á máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí ejò tí ń wọ́. Bí a bá ń bá àwọn ìyípo rìn ní ìyára tiwọn, ẹ̀rún kan náà á máa yí po nínú ìyípo tó gbé e. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì, ipasẹ̀ ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì rárá. Láti bá wọn rìn, ẹ sọ ìyára ìyípo di ìlọ́po àkókò, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára x kí ẹ tó yàwòrán. Kò sí ìdí láti tún ìṣirò náà ṣe.

Bí ẹ̀rún bá wúwo

Títí di ìsinsìnyí, a ti gbà pé ẹ̀rún ń lọ síbi tí omi bá lọ. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rún gidi, ẹ ṣírò àkókò tó máa ń gbà kó tó gbọ́ ti omi: ẹ sọ wíwúwo ẹ̀rún náà ní mítà kúbíìkì kan di ìlọ́po fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tún sọ èsì náà di ìlọ́po fífẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi ìlọ́po 18 kíki (viscosity) omi tàbí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pín in. Ẹ̀kán òróró tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà, nínú afẹ́fẹ́, á gbọ́ láàárín bíi ìdá 3 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lò ó nínú ìdánwò. Horo yanrìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, nínú omi, á gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 0.0015. Ẹ fi iye yìí wé àkókò tí ìṣàn fúnra rẹ̀ fi ń yí padà. Lẹ́yìn òpó wa tí àyípo rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, yanrìn yẹn ṣì ń tẹ̀ lé omi dáadáa, bí a bá yọ rírì rẹ̀ sọ́tọ̀. Nínú omi tí ń dàrú ní ìgbà ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní lè tẹ̀ lé e. Bí iye méjèèjì bá ti súnmọ́ra, ẹ fún ẹ̀rún ní ìyára tirẹ̀, kí ẹ máa ṣírò bí omi ti ń fà á, kí ẹ sì ya ipasẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aró tó jáde láti ẹnu kan náà. Ẹ óò rí i bí ìyípo ti ń ju èyí tó wúwo ju omi lọ sí etí rẹ̀, tí ó sì ń fa èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ, irú bí ìfóòfó afẹ́fẹ́, wá sí àárín.